Ìdákọ̀ró: Alẹ́ Búburú ni a ń Rà á Fún

Àsọyé fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìgbòkun rìnrìn àjò lójú òkun



Káàkiri ayé ni a ti ń rí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ọkọ̀ ìgbòkun kékeré ṣe ilé. Gígùn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàrin mítà 9 sí mítà 14. Ọkùnrin kan àti aya rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n ń tù ú láti èbúté kan dé òmíràn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń sùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n bá ti ká ìgbòkun, tí gbogbo ará ilé sì ti sùn lọ, ohun kan ṣoṣo ni ó so ilé náà mọ́lẹ̀ títí di òwúrọ̀. Ohun náà ni ìdákọ̀ró.

Nítorí náà ó yani lẹ́nu pé ìdákọ̀ró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò kẹ́yìn. Wọn a ná owó gọbọi lórí ìgbòkun, lórí ẹ́ńjìnnì, lórí rédíò àti lórí tìmùtìmù ìjókòó, wọn a sì tẹ́wọ́ gba ìdákọ̀ró yòówù tí ó bá bá ọkọ̀ wá. Ní ọ̀sán tí omi dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ìdákọ̀ró tí kò dára. Òkúta tí a fi okùn so pàápàá lè dá ọkọ̀ dúró ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀sán tí ó dára ni a ń ra ìdákọ̀ró fún. Alẹ́ búburú ni a ń rà á fún, èyíinì ni alẹ́ tí ìjì dé láìròtẹ́lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ yí padà, tí etíkun sì wà lẹ́yìn ọkọ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ CABO SAN LUCAS

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Cabo San Lucas jẹ́ ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní ṣóńṣó gúúsù ilẹ̀ gbọọrọ tí a ń pè ní Baja California. Àwọn ọkọ̀ ìgbòkun tí ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ a máa dúró sinmi níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lẹ́bàá etíkun oníyanrìn náà, wọ́n sì fún mọ́ ara wọn. Àkókò ìjì ńlá ti kọjá lọ, ọkàn gbogbo ènìyàn sì balẹ̀. Lójijì ni ìjì dé láti ojú òkun wá. Etíkun tí ó ti jẹ́ ààbò fún wọn di ewu, nítorí pé orí rẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń ti ọkọ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó lé ní 20 ọkọ̀ tí ìgbì ti gbé jù sórí iyanrìn.

Ọ̀kan nínú wọn ni Joshua, ọkọ̀ onírin ti Bernard Moitessier, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú iṣẹ́ ọkọ̀. Òun ni ó dá tu ọkọ̀ kan náà yìí nínú ìdíje yíyí ayé ká ní ọdún 1968 sí 1969, tí ó fi ìdíje náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ó sì ń tukọ̀ lọ láìdúró títí ó fi dé erékùṣù Tahiti. Gbogbo ìgbì ńláńlá ìsàlẹ̀ ayé kò rí Joshua gbé ṣe. Alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́bàá etíkun ni ó gbé e lulẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn tún ọkọ̀ náà ṣe lẹ́yìn náà, ó sì wà lábẹ́ ìtọ́jú ilé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti òkun ní ìlú La Rochelle, ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1990.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó bá súnmọ́ etíkun jù kò ní àyè láti tú ẹ̀wọ̀n sí i nígbà tí ìjì bá le. Ẹni tí ó bá fún mọ́ aládùúgbò rẹ̀ jù yóò jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, nítorí bí ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan bá hú, ọkọ̀ náà yóò lọ kọlu èkejì, yóò sì hú ti ìyẹn pẹ̀lú. A ń yan ìdákọ̀ró, a sì ń yan ibi tí a óò jù ú sí. Bí ọ̀kan bá kù, èkejì kò pé.

KÌ Í ṢE ÌWÚWO NÌKAN

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni láti rò pé ìwúwo ìdákọ̀ró ni ó ń dá ọkọ̀ dúró. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òkúta ńlá ìbá tó. Àgbẹ̀ mọ̀ pé bí ọkọ́ bá wúwo tó ohunkóhun, bí ojú rẹ̀ bá ti kú, kò lè wọ ilẹ̀. Bákan náà ni ìdákọ̀ró rí. Wíwọ ilẹ̀ rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Ìwúwo wúlò láti mú un dé ìsàlẹ̀ kíákíá àti láti mú kí ẹnu rẹ̀ gún ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ tí ó bo apá rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó ń bá ìjì jà.

Ẹni tí ó la èyí yé àwọn atukọ̀ dáradára ni Geoffrey Taylor, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Cambridge, tí òun náà fẹ́ràn láti máa tu ọkọ̀ ìgbòkun. Ó wò ó pé ìdákọ̀ró àtijọ́ wúwo jù fún ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní ọdún 1933 ó gbé irú tuntun jáde, tí a dá bí ohun ìtúlẹ̀ àwọn àgbẹ̀ òyìnbó. Bí a bá jù ú, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi lélẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń fà á, ẹnu rẹ̀ a yí, a sì rì sínú ilẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta, CQR, ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé bí a bá pè wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìró wọn jọ ti ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé ohun kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìséwu. Láti ìgbà náà ni a kò ti fi ìwúwo nìkan díwọ̀n ìdákọ̀ró mọ́.

ORÍṢIÍRÍṢIÍ TÍ Ó WÀ

Èkínní ni ìdákọ̀ró àtijọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú àwòrán, tí ó ní apá méjì nísàlẹ̀ àti ọ̀pá ìdábùú lókè. Ó dára púpọ̀ nínú àpáta àti nínú koríko òkun, nítorí pé ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì lè wọ àárín òkúta. Ṣùgbọ́n nínú iyanrìn àti ẹrẹ̀ kò lágbára àfi bí ó bá wúwo gidigidi. Àléébù rẹ̀ mìíràn ni pé apá kan a máa nà sókè lórí ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá yípo, ẹ̀wọ̀n lè lọ́ mọ́ apá náà kí ó sì fà á hú.

Èkejì ni irú ti Taylor, tí ó dà bí ohun ìtúlẹ̀. Ó ń ṣe dáadáa ní oríṣiríṣi ilẹ̀. Oríkèé kan wà láàrin ọ̀pá rẹ̀ àti ojú rẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa yí díẹ̀díẹ̀ láìhú u. Ó sin àwọn arìnrìn-àjò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ títí di òní. Àléébù rẹ̀ ni pé nínú ilẹ̀ líle ó lè máa wọ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó rì.

Ẹ̀kẹta ni ti Richard Danforth, ọmọ Amẹ́ríkà, tí a lò púpọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ọkọ̀ tí ń kó ọmọ ogun lọ sí etíkun a máa jù ú láti ìdí ọkọ̀ bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ ilẹ̀, kí wọ́n lè fi í fa ara wọn padà sínú omi. Ojú méjì tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó sì fẹ̀ ni ó ní. Kò wúwo, a sì lè ká a pọ̀ kí a sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi kékeré. Nínú iyanrìn àti ẹrẹ̀ rírọ̀, díẹ̀ ni ó lè bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n nínú koríko òkun kì í rí ilẹ̀ wọ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì yí padà pátápátá, ó lè hú kí òkúta kan há a lẹ́nu, tí kò fi ní lè rì mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ti Peter Bruce, tí ó jáde ní àwọn ọdún 1970 láti ara iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdákọ̀ró àwọn ibùdó tí a ti ń wa epo lójú òkun. Ó dà bí èékánná ẹyẹ mẹ́ta tí ó tẹ̀ kóró. Kíá ni ó ń mú ilẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì yí, ó sábà máa ń bá a yí láìhú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kìlógíráàmù wé kìlógíráàmù, agbára rẹ̀ kò tó ti àwọn mìíràn. Nítorí náà ẹni tí ó bá yàn án gbọdọ̀ mú èyí tí ó tóbi.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọn ti òde òní. Ojú wọn kò là sí ọ̀tún àti òsì bí ti ohun ìtúlẹ̀. Ó jinnú bí ojú ṣọ́bìrì, ẹnu rẹ̀ sì mú. Àwọn kan ní irin róbótó tí ó tẹ̀ bí òṣùmàrè lẹ́yìn, tí kì í jẹ́ kí ìdákọ̀ró dojú délẹ̀. Rolf Kaczirek, ará Jámánì, ni ó mú irin bẹ́ẹ̀ wọlé. Peter Smith, ará New Zealand, sì so ó pọ̀ mọ́ ojú tí ó jinnú nínú èyí tí a ń pè ní Rocna, tí ó jáde ní ọdún 2004. Alain Poiraud, ọmọ Faransé, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi òjé sí ẹnu ìdákọ̀ró tí ó pè ní Spade, kí ìwúwo lè wà níbi tí ó ti wúlò. Nínú ìdánwò tí a ti ṣe láti ìgbà náà, irú àwọn wọ̀nyí ni ó sábà máa ń tètè wọ ilẹ̀, tí ó sì ń di ilẹ̀ mú jùlọ nínú iyanrìn. Àwọn ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi ń ṣe ìdákọ̀ró àkọ́kọ́ nísinsìnyí.

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó dára ní gbogbo ilẹ̀. Iyanrìn líle àti amọ̀ ni ilẹ̀ tí ó dára jùlọ. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ń fẹ́ ojú tí ó fẹ̀. Koríko òkun ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ìdákọ̀ró lè di gbòǹgbò mú fún ìgbà díẹ̀, kí gbòǹgbò náà sì já bí afẹ́fẹ́ bá dé. Àpáta sì lè dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣeé fà jáde mọ́.

BÍ Ó TI YẸ KÍ Ó TÓBI TÓ

Agbára afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìyára rẹ̀. Bí ìyára bá di ìlọ́po 2, agbára a di ìlọ́po 4. Ìṣirò tí ẹgbẹ́ American Boat and Yacht Council gbé jáde fi èyí hàn. Fún ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ tó mítà 9, afẹ́fẹ́ tí ìyára rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀tù 15 ni a kà sí ẹrù tí ó tó kìlógíráàmù 80 lórí ìdákọ̀ró, èyí tí ó ju àpò sìmẹ́ńtì kan àtààbọ̀ lọ díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá di nọ́ọ̀tù 30, ẹrù náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 320, èyíinì ni pé ó ju àpò sìmẹ́ńtì 6 lọ. Bí ó bá di nọ́ọ̀tù 42, a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò 13. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sán tí ó dára díwọ̀n ìdákọ̀ró rẹ̀ ti fi sìmẹ́ńtì kan àtààbọ̀ díwọ̀n ohun tí yóò gbé mẹ́tàlá.

Fún ọkọ̀ ìrìn àjò tí ó gùn tó mítà 12, ìdákọ̀ró òde òní tí ó wọn kìlógíráàmù 20 sí 25 ni a sábà ń lò. Bí ọkọ̀ bá wà láàrin ìwọ̀n méjì nínú ìwé àwọn olùtajà, èyí tí ó tóbi ni kí a mú. Ìwúwo tí ó fi lé kò ju ti ọmọ ọwọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n oorun tí ó ń fúnni kò ṣeé fi owó rà.

Ẹ̀WỌ̀N ÀTI OKÙN

Ìdákọ̀ró tí ó dára jùlọ kò ní ṣiṣẹ́ bí a bá fà á sókè. Bí a bá fà á ní ìbúlẹ̀, a rì. Bí a bá fà á lókè, a hú. Nítorí èyí ni gígùn ẹ̀wọ̀n ṣe jẹ́ ọ̀ràn ńlá. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n irin, a ń tú ìlọ́po 5 jíjìn omi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ okùn púpọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n díẹ̀, ìlọ́po 7. Bí ìjì bá sì ń bọ̀, kí a fi kún un.

Ṣùgbọ́n kí ni jíjìn omi? Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìrò. Ẹ jẹ́ kí a wí pé omi jìn ní mítà 5, pé iwájú ọkọ̀ ga sókè omi ní mítà 1, àti pé omi yóò kún sí i ní mítà 2 kí ilẹ̀ tó mọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 8, ìlọ́po 5 rẹ̀ sì jẹ́ mítà 40. Ẹni tí ó bá wo mítà 5 nìkan yóò tú mítà 25. Nígbà tí omi bá kún lóru, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ní ju ìlọ́po 3 àti díẹ̀ lọ, òun yóò sì ti sùn.

Ẹ̀wọ̀n ní ànfààní púpọ̀. Kò ṣeé gé fún òkúta ìsàlẹ̀ omi, ìwúwo rẹ̀ sì ń mú kí ìfà wà ní ìbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá le gan-an, ẹ̀wọ̀n a nà tán bí okùn ìlù, a sì máa já ọkọ̀ gbà. Nítorí náà ni a fi ń so okùn náílọ́ọ̀nù kan mọ́ ẹ̀wọ̀n náà láti iwájú ọkọ̀, kí okùn náà lè máa nà kí ó sì máa fà padà, kí ó gba ìjágbà náà mọ́ra. Níbi tí okùn bá ti ń ra ọkọ̀, kí a fi aṣọ nípọn tàbí rọ́bà wé e, nítorí pé fífi ara ra irin ní í gé okùn lóru.

Kí a má ṣe gbàgbé irin kékeré tí ó so ẹ̀wọ̀n mọ́ ìdákọ̀ró. Bí ó bá jẹ́ aláìlágbára, aláìlágbára ni gbogbo rẹ̀. Kí a fi wáyà de skúrù rẹ̀ kí ó má baà tú fúnra rẹ̀. Kí a sì fi okùn tí ó ṣeé fi ọ̀bẹ gé so ìdí ẹ̀wọ̀n mọ́ inú ọkọ̀, nítorí pé ọjọ́ kan lè dé tí àtisá lọ sójú òkun yóò sàn ju àtidúró lọ.

MÉLÒÓ NI Ó TÓ?

Àwọn tí ń ka Bíbélì yóò rántí pé nínú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, ìdákọ̀ró mẹ́rin ni àwọn atukọ̀ ọkọ̀ tí ó gbé Pọ́ọ̀lù jù sínú omi lóru, nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù àpáta. Àwọn àgbà ọkọ̀ ti mọ̀ láti ìgbà náà pé ẹyọ kan kò tó. Ọkọ̀ ìrìn àjò kò gbọdọ̀ ní dín ní méjì, mẹ́ta sì dára jù: àkọ́kọ́ tí ó tóbi tí ó sì wà níwájú ọkọ̀ nígbà gbogbo, èkejì tí irú rẹ̀ yàtọ̀, bí irú ti Danforth, tí a lè fi ọkọ̀ kékeré gbé lọ jù síbòmíràn, àti ẹ̀kẹta nísàlẹ̀ ọkọ̀, fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá sọnù. Ẹni tí ó bá ra mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ irú kan náà ti ra àléébù kan náà nígbà mẹ́ta.

BÍ A TI Í JÙ Ú

Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kí a kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, kí a sì dúró pátápátá. Kí a rọra sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀. Kí a má ṣe da ẹ̀wọ̀n jọ lé e lórí. Kí ọkọ̀ máa fà sẹ́yìn, kí a sì máa tú ẹ̀wọ̀n bí ó ti ń lọ. Nígbà tí ó bá pé, kí a fi ẹ́ńjìnnì rọra fà á sẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí a fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀. Kí a wo ohun méjì lórí ilẹ̀ tí ó wà ní ìlà kan, bí igi kan àti òrùlé kan. Bí wọ́n bá dúró ní ìlà wọn, ìdákọ̀ró ti mú. Bí ọ̀kan bá ń yà kúrò lẹ́yìn èkejì, ọkọ̀ ń wọ́ lọ, kí a fà á sókè kí a sì tún un jù. Ojú kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni láti tún un jù ní ìgbà mẹ́ta ní ọ̀sán. Ó sàn ju àtijù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóru nínú òjò.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbé àmì róbótó dúdú sókè níwájú ọkọ̀ ní ọ̀sán, kí a sì tan iná funfun tí a lè rí láti ìhà gbogbo ní alẹ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ojú òkun ti pa á láṣẹ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kò sí ìdákọ̀ró tí ó lè tún ibi búburú ṣe. Bí ibì kan bá ṣí sílẹ̀ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ lè ti wá, bí ìgbì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, kí a ká ìdákọ̀ró kí a sì jáde lọ sójú òkun. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ti yan ibi tí ó dára, kí ó ra èyí tí ó tóbi, kí ó tú ẹ̀wọ̀n tí ó gùn, kí ó sì dán an wò kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ìjì bá dé ní òru, kì yóò sí àyè láti lọ ra òmíràn.